Wákàtí Mẹ́ta Tí Wọ́n Fẹ́ Gé Lọ́wọ́ Verlene

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Verlene Stidham bẹ̀bẹ̀ kó tó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Caney Gap, irọ́ ló pa. Ojú mi ló ṣe. Èmi Ludean Fugate ni mò ń tọ́jú ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn láti ọdún mẹ́tàlélógún wá, tábìlì mi dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé tàbí kó jáde tí n kò ní rí i. Inú mi tún máa ń tètè bí. Mo sọ ìyẹn ṣáájú, kẹ́ ẹ má baà retí pé n óò da oyin sí ọ̀rọ̀ yìí.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìkàwé mi tí kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni Verlene ń jókòó sí. Olùrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ sórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí olùkọ́ bá kọ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé ọmọ, Verlene ni yóò tún un kọ́, ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù olùkọ́ ni wọn yóò sì san fún un. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Arlis Combs, tó wa èédú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi yẹ̀, kò lè kà ju orúkọ ara rẹ̀ lọ nígbà tó kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bú àwọn tó ń ṣe ọ̀nà wa, síbẹ̀ kò sí àṣìṣe kan nínú èébú náà.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Verlene ti wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án lórí àwọn ọ̀nà òkè Kentucky wa yìí, níbi tí ọkọ̀ méjì kò ti lè pàdé kí ọ̀kan má fà sẹ́yìn. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ló ti kàwé gba dìgírì àkọ́kọ́, nígbà tó bá ń dúró de àwọn ọmọ kí wọ́n jáde. Ọkọ rẹ̀ ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní Ohio. Bóyá ó ṣì ń wá a. Verlene kò ké. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ní ojú kan tó mú bọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì náà, èyí tó fi ń wo ọgọ́ta ọmọ nínú dígí láì yí ọrùn padà. Bó bá wò ọ́ bẹ́ẹ̀, wàá jókòó, bó o tilẹ̀ jẹ́ àlùfáà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Arvil Napier ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, eékún rẹ̀ sì ti kú tán. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkọ láàárọ̀, tó tún ń kọ́ wọn ní ìtàn lọ́sàn-án, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kéré, kò lágbára àtisan owó olùkọ́ méjì. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ wa, Dókítà Prentiss Hale, kó gbogbo wa jọ, ó ní bí Ọ̀gbẹ́ni Arvil bá ti lọ, òun kò ní gba ẹlòmíràn. Wọn yóò gbé ẹ̀rọ kan kọ́ ara ògiri, kí àwọn ọmọ máa wo olùkọ́ kan láti ìlú ńlá.

Hale kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìwé ló fẹ́ràn ju ènìyàn lọ ni, ìwé tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ lù pàápàá. Ọdún kẹta rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ó ṣì ń pe orúkọ ìlú wa bí ẹni tí oúnjẹ gbóná sí lẹ́nu.

Verlene wọlé tọ̀ ọ́ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, èmi náà sì ní àwọn ìwé kan tí mo fẹ́ tò nítòsí ibẹ̀.

“Dókítà, ẹ gbé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Arvil fún mi.”

“Verlene, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ ní másítà, kó tún ní wákàtí méjìdínlógún nínú ohun tó fẹ́ kọ́. Ìwé kíkọ, méjìdínlógún. Ìtàn, méjìdínlógún. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin.”

“Bí mo bá ní méjèèjì ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ní méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń gba másítà lé lórí.”

“Mi ò béèrè ẹni tó ní i. Mo ní bí mo bá ní i ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bẹ́ ẹ bá ní i kí Ọ̀gbẹ́ni Arvil tó lọ, iṣẹ́ yín ni.”

“Ludean,” ni Verlene pè láì yíjú, “ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni mo dáhùn láti ẹ̀yìn àwọn ìwé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá a délé. Ìyá rẹ̀, Màmá Orpha, ń ro ẹ̀wà lórí iná, búrẹ́dì àgbàdo wà nínú páànù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ti kú, agogo ọwọ́ ọkọ náà ló sì ń so mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Verlene ṣàlàyé ohun tí Hale wí. Màmá Orpha fi ṣíbí lélẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Wákàtí méjìdínlógún? Ìyẹn náà lẹ ṣe fajú ro wálé bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi òkú? Ìlọ́po méjì ìyẹn ni bàbá rẹ ṣe lábẹ́ ilẹ̀ lọ́sẹ̀ tí omi ya wọ ihò èédú tí wọ́n ń pè ní Ihò Kẹfà! Lọ bá wọn jókòó lọ́la, kó o wá jẹun tó o bá parí.”

“Màmá, kì í ṣe wákàtí orí agogo. Kọ́ọ̀sì kan, oṣù mẹ́rin lèèyàn fi ń ṣe é, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n sì ń pè é.”

“Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní wákàtí mẹ́ta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kí ló dé tí wọn ò kúkú pè é ní oṣù mẹ́rin?”

“Kí irú wa má baà mọ̀ ọ́n,” ni Verlene wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀wà.

Màmá Orpha gbé agogo ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó wò ó títí bí ẹni pé agogo náà ló parọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá dìgírì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ohun ìrọ̀rùn ni, ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà tèmi fún ọ̀sẹ̀ méje kẹ́ ẹ wò ó. Èyí tó kọ́kọ́ fò mọ́ wa jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò ní ilé, àwòrán àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nìkan ló ní. Verlene ṣe àṣìṣe, ó tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

“Verlene, ọ̀rẹ́ mi, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì dọ́là péré ni.”

“Ọmọ mi, ilé tí mò ń gbé kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní kànga.”

“Ẹ ẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ ro ọjọ́ ọ̀la yín.”

“Mo ti rò ó. Ó ní kí n gbé fóònù sílẹ̀.”

Òmíràn kò wọ́n, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ni ni. Inú mi ti ń dùn, àfìgbà tí Verlene kà á dé ìsàlẹ̀: kò ní wákàtí ìtàn kan, kò ní wákàtí ìwé kíkọ kan. “Wọ́n á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ṣíbí,” ni ó wí, “wọn ò ní fún mi lóúnjẹ.” Òmíràn jẹ́ ìtàn nìkan. Òmíràn jẹ́ ìwé kíkọ nìkan, ó sì fẹ́ kó kó lọ gbé níbẹ̀, bí ẹni pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tó ní ìyá àgbà nílé lè di ẹrù sórí kó máa lọ. Ọjọ́ kan wà tí ó pa kọ̀ǹpútà náà, tó sì jókòó síwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ronú pé Hale ti borí òun. Ó dùn mí débi pé mo bá kọ̀ǹpútà náà jà lẹ́yìn tó lọ.

Bóyá ìjà yẹn ló ṣiṣẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, mo dé ọ̀dọ̀ yunifásítì ìjọba kan ní apá kejì ìpínlẹ̀ wa. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ní másítà kan fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Kó mú ẹ̀kọ́ méjì tó bá wù ú. Wákàtí méjìdínlógún nínú èyí, méjìdínlógún nínú ìyẹn, kó sì jókòó sí ìlú rẹ̀ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Verlene kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ludean, ta ni wọ́n kọ èyí fún?”

“Ìwọ ni.”

“Èló ni?”

Ìyẹn gan-an ló fẹ́ bà á jẹ́, nítorí owó yunifásítì ìjọba náà, owó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ìwé kì í da ìwé nù. Mo lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo yọ ìwé òfin òṣìṣẹ́ jáde, èyí tí wọ́n pín fún wa lọ́dún tí mo dé, tí gbogbo ènìyàn fi tẹ́ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba: òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ lè ṣe kọ́ọ̀sì méjì lọ́fẹ̀ẹ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba èyíkéyìí, bí ọ̀gá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Láàárín ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún Verlene. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi náà. Sáà mẹ́ta lọ́dún, kọ́ọ̀sì méjìlá, ọdún méjì. Owó ìwé nìkan ni yóò san, àti epo mọ́tò.

Verlene gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà lọ fún Hale. Ó kà á, ó gbójú sókè.

“Verlene, kí wá ni eléyìí? Kì í ṣe ìtàn, kì í ṣe ìwé kíkọ. Àmúlùmálà ni. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.”

“Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Dókítà. Àti pé Ọ̀gbẹ́ni Arvil ti ń lé eku méjì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yin lẹ sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Ìsàlẹ̀ níbí lẹ óò fọwọ́ sí.”

Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Arvil gbọ́, àwọn páálí tó ti fi di ìwé rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní eékún ń pa yín?” Ó ní, “Ó ti bàjẹ́ tán, Ludean, ọdún méjì ò lè bà á jẹ́ jù báyìí lọ. Sọ fún ọmọ yẹn pé mo jókòó.”

Ìtàkùn ayélujára kò gun òkè dé ilé wọn. Nítorí náà, nínú mọ́tò rẹ̀ ni Verlene ti ṣe másítà, níbi tá à ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú aṣọ ìbora kúìlì lórí itan àti kọ̀ǹpútà lórí kúìlì. Mo máa ń gbé bisikíìtì fún un kí n tó lọ sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, àwọn ọmọ ìlú ńlá, fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó wò wọ́n láti inú kọ̀ǹpútà. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àmúlùmálà ni a wá ń pe dìgírì náà láàárín ara wa. “Báwo ni Àmúlùmálà?” “Àmúlùmálà wà dáadáa, ó ń jẹun.”

Ní oṣù kẹfà ọdún kejì, ìwé ẹ̀rí dé. Màmá Orpha kọ́ ọ sókè fìríìsà, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ń wò. Ọ̀gbẹ́ni Arvil tún páálí rẹ̀ dì. Verlene kó ìwé lọ bá Hale. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìgbanisíṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ara ògiri sì ti wà nínú páálí ní ọ́fíìsì.

Hale fi bírò ka àwọn kọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kíkọ, mẹ́fà. Wákàtí méjìdínlógún pé. Ó bọ́ sí ìtàn. Ó kà á, ó tún un kà, ó gbé bírò sílẹ̀.

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.”

“Kọ́ọ̀sì mẹ́fà ni, Dókítà.”

“Márùn-ún. Ẹ wo èyí, Ẹ̀kọ́ nípa Agbègbè Òkè ni wọ́n pè é. Lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ti ìtàn. Ó ku wákàtí mẹ́ta.”

“Olùkọ́ ìtàn ló kọ́ wa. Mo kọ ojú ìwé méjìlélógójì lórí àwọn obìnrin Ihò Kẹfà. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe ìtàn?”

“Àjọ tó ń fún kọ́lẹ́ẹ̀jì láṣẹ ò ní ka ojú ìwé méjìlélógójì. Lẹ́tà ni wọn óò wò.”

Èmi ló sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, n kò tilẹ̀ díbọ́n pé mò ń to ìwé. “Fọ́ọ̀mù àlàyé wà. Mo ní i. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ní orúkọ mìíràn, ìtàn ni lóòótọ́.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ó wà. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni mò ń fi síbẹ̀, mi ò sì lè kọ ohun tí kò dá mi lójú. Ìtàn tí àwọn ìyá arúgbó sọ lẹ kọ, Verlene. Ìtàn àwọn ìyá arúgbó kì í ṣe Ìtàn.”

Ìyá arúgbó. Mo rí i tí ọrùn Verlene le. Ó gbé ojú ìwé méjìlélógójì náà sórí tábìlì rẹ̀, ó fi fọ́ọ̀mù àlàyé lé e, ó ní, “Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, mò ń bọ̀ wá gba ìdáhùn. Ẹ kà á kí n tó dé.” Kò kà á. Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tó fi í sí ló ṣì wà, ife kọfí ti jókòó lé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn sọ ọ́, Màmá Orpha dìde.

“Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbọ́ ìyà. Verlene ṣiṣẹ́ ọdún méjì fún ọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ó wá ku wákàtí mẹ́ta péré kó parí. Wákàtí mẹ́ta! Ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kó ṣe é. Ó fẹ́ gé wákàtí rẹ̀.”

Verlene kò sí níbẹ̀, ó wà nílé, ó ń múra ọjọ́ Ajé. Èmi wà níbẹ̀, mo yẹ kí n dìde tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn ènìyàn. Ẹ lè bú ará Caney Gap, ẹ lè pe òkè rẹ̀ ní òkìtì, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ má gé wákàtí rẹ̀. Kò sí ilé kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí ilé-iṣẹ́ èédú kò gé wákàtí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn rí, kó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá kí wọ́n kọ mẹ́jọ sílẹ̀. Arlis Combs ti ń sọ fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Aago mélòó lọ́la, Arábìnrin Orpha?” “Mẹ́sàn-án.” Mo jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè mi. Mo sọ fún yín pé inú mi máa ń bí.

Nígbà tí Verlene wa mọ́tò wọlé lọ́jọ́ Ajé, ènìyàn méjìdínlógójì ló wà nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá. Ìyá rẹ̀ wà níwájú. Arlis gbé abọ́ oúnjẹ onírin tó máa ń gbé wọ inú ilẹ̀ nígbà tó ń wa èédú dání. Ọ̀gbẹ́ni Arvil na ẹsẹ̀ sórí àga kejì.

“Kí lèyí?” ni Verlene béèrè.

“A wá kí o lè ṣe wákàtí rẹ,” ni Arlis dáhùn. “A máa jẹ́rìí sí i. Kò sẹ́ni tó máa gé e.”

Verlene yíjú sí ìyá rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa. “Màmá! Mo sọ fún yín! Kì í ṣe wákàtí orí agogo!”

“Gbogbo wákàtí ló wà lórí agogo,” ni Màmá Orpha wí. “Aago mẹ́sàn-án ti lù. Ò ń jẹ nínú rẹ̀.”

Mo rò pé yóò sunkún tàbí kó padà sínú mọ́tò. Ojú tì í, mo mọ̀ ọ́n, ojú ti èmi náà. Hale yóò jáde wá bá a pẹ̀lú gbogbo wa bí àwọn tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó wo gbogbo wa, láti ẹ̀yìn wá síwájú, pẹ̀lú ojú bọ́ọ̀sì yẹn.  Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fa pátákó ìkọ̀wé kan síwájú gbọ̀ngàn náà, ó ní:

“Ó dáa. Lọ́dún 1931, ta ló dá ọkọ̀ ojú irin dúró ní Ihò Kẹfà?”

“Ìyá mi!” ni Màmá Orpha ké.

“Ìwé ilé-iṣẹ́ ní òkúta ni. Ó ní òkúta ya bo ojú irin ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta. Ta ló purọ́?”

Ó bẹ̀rẹ̀. N kò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ó ní àwọn ìyá arúgbó méje ló sọ fún òun pé aṣọ tútù ni àwọn ìyá wọn ta sójú irin, kúìlì àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, tí wọ́n sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí ọjọ́ tí oṣù jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn rántí pé ọjọ́ aṣọ fífọ̀ ni. “Ọjọ́ wo ni ìyá yín ń fọṣọ?” Gbogbo gbọ̀ngàn ní, “Ọjọ́ Ajé!” Ó kọ ọ́: Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ọjọ́ àwọn obìnrin àti ọjọ́ ilé-iṣẹ́. Kí ni ilé-iṣẹ́ ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe?

Ariwo ìdáhùn ló mú Hale sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnì kan ti àga sí i nídìí, ó jókòó. Dókítà nínú ìtàn lòun náà, ẹ má gbàgbé. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Ní àkọ́kọ́ ó ń wo agogo. Nígbà tó yá, ó ń wo pátákó.

Verlene ní òun lọ wá ìwé ẹrù rélùwéè rí. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, kò sí ọkọ̀ èédú kan tó kúrò ní Ihò Kẹfà. Nítorí náà àwọn ìyá arúgbó sọ òótọ́. Ilé-iṣẹ́ sún ọjọ́ náà síwájú, ó kọ ọ́ pé àwọn ọkùnrin tó ń wa èédú ló kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sì san owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ṣiṣẹ́. “Wọ́n gé wákàtí wọn,” ni Verlene wí. 

Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn. Ohùn Hale ni. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ló yọ sọ.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwé rélùwéè ló parọ́?”

Verlene yíjú sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá. “Ìbéèrè gidi nìyẹn, Dókítà. Iye ọkọ̀ tí rélùwéè bá gbé ló fi ń gbowó. Bó bá gbé e lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, yóò kọ ọ́, yóò sì gbowó. Ta ni yóò purọ́ láti fi owó ara rẹ̀ ṣòfò? Mo tún wá ẹlẹ́rìí kejì. Ìwé ìròyìn ìlú kejì kọ nípa aṣọ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì kí òkúta ilé-iṣẹ́ tó já. Ó wà ní ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹ gbé ife kọfí kúrò lórí ẹ̀, ẹ óò rí i.”

Arlis rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́ já bọ́ lórí àga. Hale kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú, mo rí i.

Màmá Orpha dìde, ó yí àga rẹ̀ padà kó lè dojú kọ ọ́.

“Dókítà, ọmọ mi, mi ò kàwé. Bá mi dáhùn. Èyí tó ń kọ́ wa láti àárọ̀, tí ìwọ náà bi í léèrè, tó sì dá ẹ lóhùn, kí ni wọ́n ń pè é?”

Hale wo pátákó. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Arvil, Arvil ń wo eékún ara rẹ̀. Ó wò mí, mo ti na fọ́ọ̀mù àlàyé sí i, nítorí mo mú un bọ̀ láti òkè nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

“Ìtàn ni,” ni ó wí.

“Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó gba bírò. Kò sí tábìlì, Arlis sì gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ fún un, ó kọ ọ́ lórí irin náà, ìlà mẹ́rin, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Mo kà á kí yíǹkì tó gbẹ. Wákàtí méjìdínlógún. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ara ògiri kò ní jáde nínú páálí rẹ̀, Verlene Àmúlùmálà ni yóò kọ́ wọn láàárọ̀, òun náà ni yóò kọ́ wọn lọ́sàn-án. Àwọn ènìyàn ti ń patẹ́wọ́, àwọn kan ti ń ká àga. Hale náà dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí àtẹ̀gùn.

“Níbo lò ń lọ?” ni Màmá Orpha bi í.

Ó ti gbé agogo ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ojú. “Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ló ṣe. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Verlene, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ìwọ, jókòó.”

Dókítà Hale jókòó.